Ìyá Kan Náà, Baba Kan Náà, Àwọ̀ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Bí obìnrin kan bá sanra ní Bárígà, tí ìyá rẹ̀ náà sì sanra, kì í pẹ́ tí ará àdúgbò á fi sọ pé, "Ìran wọn ni." Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tún máa béèrè ohun tí ìyá ń jẹ nígbà tó fẹ́ lóyún, tàbí bóyá ìyàn mú lọ́dún tí wọ́n bí ọmọ náà. A gbà pé ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti wà níbẹ̀, pé ẹ̀dá kan kò lè yí i padà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará àdúgbò, ṣùgbọ́n kò pé. Eku kékeré kan tí wọ́n ń sìn ní ilé ìwádìí ti fi hàn pé nǹkan méjì ni òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́: jíìnì fúnra rẹ̀, àti àwọn àmì tó ń sọ fún jíìnì pé kó ṣiṣẹ́ tàbí kó dákẹ́. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn àmì wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní epigenetics. Ohun tó mú kí n fún un ní odindi orí kan nínú ìwé yìí ni pé oúnjẹ tí ìyá jẹ lè yí àmì náà padà, nígbà tí ìyá kò tíì mọ̀ rárá pé òun lóyún.

Ẹ fojú inú wo abo eku méjì. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn, ìyá kan náà ló bí wọn, oúnjẹ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ nínú àgò kan. Jíìnì wọn bára mu délẹ̀, bíi ti ìbejì tó pín lára ẹyin kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ọ̀kan ní irun aláwọ̀ ìyeyè, ó sanra débi pé ìrìn ń ni ín lára, àtọ̀gbẹ máa ń mú un, jẹjẹrẹ sì tètè máa ń kọlù ú. Èkejì ní àwọ̀ búráùn bíi ti eku ilé tí gbogbo wa mọ̀, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ara rẹ̀ sì le. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ á búra pé wọn ò tan mọ́ra.

Ilé ìwádìí Jackson Laboratory, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ni irú eku yìí ti yọjú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Orúkọ jíìnì tó ń dá wọn láàmú ni agouti. Ní 1992, àwọn onímọ̀ ní Oak Ridge, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, rí jíìnì náà mú, wọ́n sì ka ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí agouti ń ṣe lára eku tí ara rẹ̀ dá kò pọ̀. Nígbà tí irun bá ń hù, jíìnì náà máa jí fún ọjọ́ mélòó kan péré, ó máa ní kí gbòǹgbò irun dá àwọ̀ dúdú dúró kó fi ìyeyè díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ó máa padà sùn. Irun dúdú tó ní ìlà ìyeyè kan nítòsí ṣóńṣó rẹ̀ ni ojú wa ń rí bíi búráùn. Ṣùgbọ́n lára ìran eku tí mò ń sọ yìí, ohun àjèjì kan ti já wọ inú DNA lẹ́gbẹ̀ẹ́ agouti. Àjẹkù fáírọ́ọ̀sì àtayébáyé ni, èyí tó ti kó wọ inú DNA eku láti ìgbà pípẹ́ tí kò sì jáde mọ́. IAP ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Níbi tó bá ti ń ṣiṣẹ́, kì í jẹ́ kí agouti sùn. Gbogbo ara ni agouti á ti máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, láti awọ dé ẹ̀dọ̀, dé inú ọpọlọ.

Nínú awọ, ohun tó ń fà kò ju irun ìyeyè láti orí dé ìdí. Inú ọpọlọ ni wàhálà wà. Ojú ibì kan wà níbẹ̀, MC4R ni wọ́n ń pè é, tí ara máa ń gbà sọ fún ẹranko pé ó ti yó. Purotéènì tí agouti ń ṣe máa ń dí ojú ibẹ̀ pa. Eku á jẹun tán, kò ní mọ̀ pé òun ti yó, á tún jẹ. Àwa tá a ń wo ẹni tó sanra tí a ń pè é ní wọ̀bìà, ẹ jẹ́ ká rántí eku yìí. Ìròyìn tó yẹ kó dá a dúró ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Gbogbo àwọn eku yìí ló ní IAP lẹ́gbẹ̀ẹ́ agouti. Kí ló wá dé tí àwọn kan fi búráùn, tí wọ́n sì rí pẹ́lẹ́ńgẹ́? Ẹni tó bá ti bá àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ṣe nǹkan rí á tètè lóye ìdáhùn rẹ̀.

Kí ẹ̀rọ tó ń gbé iṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà lọ sórí pléètì tààrà tó dé, orí fíìmù ni àwọn atẹ̀wé láti Onípáànù wọ Bajúláyè máa ń kọ́kọ́ gbé ojú ìwé sí. Gbogbo ibi tí lẹ́tà wà lára fíìmù náà máa ń mọ́ gaara, ìyókù á dúdú. Wọ́n á gbé e lé pléètì, wọ́n á tan iná lé e lórí, ìmọ́lẹ̀ á gba ojú lẹ́tà wọlé, pléètì á sì gba ọ̀rọ̀ náà. Tí ọ̀rọ̀ kan bá wà tí oníbàárà kò fẹ́ mọ́, wọn kì í torí ẹ̀ ya fíìmù dànù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á mú búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, á fi ọ̀dà kun ojú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ṣì wà lára fíìmù, lẹ́tà kan kò sọnù níbẹ̀, àmọ́ iná kò lè gbabẹ̀ kọjá, ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ kò sì ní gbé e jáde.

Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀dà yẹn lára DNA ni mẹ́táìlì. Èròjà kékeré ni, kábọ́ọ̀nù kan àti háídírójìn mẹ́ta. Ara máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n fi kọ DNA, èyí tí wọ́n ń pè ní C. Níbi tí mẹ́táìlì bá ti kun ẹnu ọ̀nà jíìnì kan, jíìnì ibẹ̀ sábà máa ń dákẹ́. Lára eku búráùn, ara ti kun IAP yẹn dáadáa, agouti sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ kékeré. Lára eku ìyeyè, ojú IAP ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn kan tún wà láàárín, tí ibì kan lára wọn jẹ́ ìyeyè tí ibòmíràn sì jẹ́ búráùn, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì kan ní ọ̀dà, èkejì kò ní. Ìdí tí eku yìí fi wúlò tó bẹ́ẹ̀ fún àwọn onímọ̀ nìyẹn. Wọ́n á kàn wo irun rẹ̀, wọ́n á sì ti mọ bí mẹ́táìlì ṣe pọ̀ tó nínú DNA rẹ̀.

Inú oúnjẹ ni ara ti ń rí mẹ́táìlì. Folate tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, vitamin B12 tó wà nínú ẹja, ẹran àti ẹyin, choline tó pọ̀ nínú ẹyin, betaine tó wà nínú ẹ̀fọ́ àti àlìkámà, gbogbo wọn ló lọ́wọ́ sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ eku ti kan ìkòkò ọbẹ̀ wa nìyí.

Ní 1998, George Wolff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Arkansas fi irú àwọn èròjà wọ̀nyí sínú oúnjẹ àwọn ìyá eku, wọ́n sì rí i pé àwọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n bí yí padà. Ní 2003, Robert Waterland àti Randy Jirtle ní Yunifásítì Duke ṣe é kínníkínní, wọ́n sì yẹ DNA àwọn ọmọ náà wò. Eku dúdú ni àwọn ìyá tí wọ́n lò, agouti tiwọn kò ní IAP yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀dọ̀ baba ni àwọn ọmọ ti gbà á. Wọ́n pín àwọn ìyá sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan jẹ oúnjẹ tí eku ilé ìwádìí ń jẹ lójoojúmọ́, oúnjẹ tó pé, tí kò sí ìyà nínú rẹ̀. Àwọn yòókù jẹ oúnjẹ kan náà, àmọ́ wọ́n fi folic acid, vitamin B12, choline àti betaine kún tiwọn. Ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó fi akọ sọ́dọ̀ wọn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń bá a lọ jálẹ̀ oyún àti ìgbà ọmú.

Àwọn ìyá tó jẹ àfikún bí ọmọ búráùn ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n yẹ DNA wò, mẹ́táìlì pọ̀ lórí IAP gẹ́gẹ́ bí irun ṣe sọ. Kò sí lẹ́tà kan tí wọ́n pàrọ̀ nínú jíìnì. Oúnjẹ ìyá nìkan ló yàtọ̀, àwọn ọmọ sì gbé àmì oúnjẹ yẹn kiri títí wọ́n fi dàgbà. Ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu pé folic acid, ohun tí obìnrin lè rà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn èyíkéyìí ní Ládílák, lè lọ́wọ́ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí Waterland àti Jirtle tó ṣe tiwọn, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Sydney, ní Ọsirélíà, ti béèrè ìbéèrè tó tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ: ṣé ọmọ lè jogún ọ̀dà náà fúnra rẹ̀? Hugh Morgan, Emma Whitelaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé èsì wọn jáde ní 1999. Ìyá eku tó jẹ́ ìyeyè kì í bí ọmọ búráùn fún wọn, ìyá tó jẹ́ búráùn sì ń bí wọn, bẹ́ẹ̀ jíìnì àwọn ìyá méjèèjì kò yàtọ̀. Àwọ̀ baba kò kan ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kan lè ní inú ìyá tó sanra ni kò dára fún ọlẹ̀, pé ṣúgà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti ro ìyẹn náà. Wọ́n gbé ẹyin tó ti gba àtọ̀ kúrò nínú ìyá ìyeyè, wọ́n fi í sínú abo eku dúdú kó bá wọn gbé oyún náà. Àwọn ọmọ kò torí ẹ̀ yí padà. Ọ̀dọ̀ ìyá tó ni ẹyin ni wọ́n ṣì tẹ̀ sí. A jẹ́ pé àmì ti wà nínú ẹyin kí oyún tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu, torí pé ara kì í fẹ́ kí ọ̀dà òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí àtọ̀ bá ti bá ẹyin pàdé, ara máa ń fọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀dà náà kúrò, kí sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, kí wọ́n lè di awọ, di egungun, di ọpọlọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọlẹ̀ á wá kun tirẹ̀. IAP wà lára àwọn ibi tí ọ̀dà kì í fọ̀ kúrò tán. Àsìkò tí wọ́n ń fọ̀ tí wọ́n tún ń kùn yìí gan-an ni oúnjẹ ìyá ti lágbára jù lọ, ó sì ṣe é ṣe kí nǹkan oṣù obìnrin má tíì pẹ́ rárá nígbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ńkọ́? Ní 2006, Jennifer Cropley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney kọ ọ́ pé àfikún tí ìyá àgbà eku jẹ hàn lára ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Waterland wá tirẹ̀, kò rí i. Àwọn oníròyìn fẹ́ràn ìtàn ìyá àgbà yìí, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó ti dájú. Lójú tèmi, kò tíì yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀. Ohun tó dá mi lójú jù ni èyí tí Waterland gbé jáde ní 2008: nígbà tí ìyá tó sanra bá bí ọmọ, tí ọmọ yẹn náà sanra tó sì bí tirẹ̀, ìsanra ń pọ̀ sí i láti ìran dé ìran, bẹ́ẹ̀ jíìnì wọn kò yí padà. Àwọn tí wọ́n fún ní àfikún oúnjẹ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀; ìsanra tiwọn kò lé sí i. Ẹ ronú sí ìyẹn dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ní "ìran wọn ni."

Oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń kan ọ̀dà yìí. Ní 2007, Dana Dolinoy, Dale Huang àti Jirtle fún àwọn ìyá eku ní oúnjẹ tí wọ́n po bisphenol A mọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí BPA. Àwọn ọmọ wọn tẹ̀ sọ́nà ìyeyè, mẹ́táìlì sì dín kù lórí IAP. Nígbà tí wọ́n wá fi folic acid àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kún oúnjẹ náà, tàbí genistein tó wà nínú ẹ̀wà sóyà, ìpalára yẹn kò hàn mọ́. BPA wà nínú ike líle tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń ṣe gálọ́ọ̀nù omi ńlá, ó wà nínú ohun tí wọ́n fi ń tẹ́ inú àwọn agolo kan, ó sì wà lára ọ̀pọ̀ bébà rìsíìtì tí ẹ̀rọ PoS ń pọ̀ jáde. Òun kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, kí ẹnikẹ́ni má dẹ́rù bà yín níbẹ̀. Bébà rìsíìtì ló kàn mí jù ní àdúgbò wa, torí pé àwọn ọmọbìnrin tó ń jókòó sídìí PoS lábẹ́ agboòrùn láti Ìlàjẹ dé Akókà, ọ̀dọ́ tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ń fọwọ́ kan bébà yẹn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n fún eku pọ̀, n kò sì sọ pé ohun kan náà ń ṣe àwọn ọmọ wa. Àmọ́ kí wọ́n fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun kò ná wọn ní nǹkan kan.

Ó yẹ kí n fa ìjánu díẹ̀ níbí. Èèyàn kì í ṣe eku, a ò sì ní IAP lẹ́gbẹ̀ẹ́ agouti tiwa. Nínú eku pàápàá, nígbà tí Anne Ferguson-Smith àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge tú gbogbo DNA eku wò ní 2018, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún IAP tó wà níbẹ̀ ni ọ̀dà rẹ̀ ń yàtọ̀ láti ara eku kan sí èkejì báyìí. Eku ìyeyè kọ́ wa pé irú nǹkan yìí lè ṣẹlẹ̀. Kò sọ pé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo nìyẹn. Ẹni tó bá gbé àwòrán eku méjì yìí wá fi ta oògùn tó ń mú ikùn fò fún yín, ẹ má dá a lóhùn.

Síbẹ̀, ojú ibi tí ara ń gbà mọ̀ pé òun ti yó wà lára àwa náà. Agouti tiwa ni wọ́n ń pè ní ASIP. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Leipzig, ní Jámánì, kọ nípa ọmọbìnrin kan tí jíìnì yìí ń ṣiṣẹ́ káàkiri ara rẹ̀ torí pé apá kan DNA rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Ó sanra gan-an láti kékeré, irun rẹ̀ sì pupa. Inú jíìnì fúnra rẹ̀ ni tiẹ̀ ti wá. Ti Peter Kühnen àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berlin sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù. Ní 2016, wọ́n fi hàn pé mẹ́táìlì orí jíìnì POMC, tó ń ṣe èròjà tó ń gbé ìròyìn àyó lọ sójú MC4R, yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí èkejì, àwọn tí tiwọn pọ̀ níbẹ̀ ló sì sábà máa ń sanra jù. Ẹ kíyè sí i. Lórí IAP eku, ọ̀dà púpọ̀ ló ṣe ara lóore. Lórí POMC èèyàn, òun ló bá ìsanra rìn. Ẹni tó bá rò pé bí folic acid bá ṣe pọ̀ tó lára náà ni yóò ṣe sunwọ̀n tó, ibí ni àṣìṣe rẹ̀ wà.

Ibi tí ẹ̀rí lára èèyàn ti nípọn jù lọ kò jìnnà sí wa. Abúlé Keneba àti àwọn abúlé tó yí i ká ní Gambia ni, níbi tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn àjọ MRC ti Bìrìtìkó ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú láti nǹkan bí 1950. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oúnjẹ wà nínú àká. Nígbà òjò, àká á gbẹ, iṣẹ́ oko á sì le, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin ń yí padà láti ìgbà sí ìgbà. Ní 1997, Sophie Moore àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn tí wọ́n bí ní ìgbà ebi kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn yòókù ní kékeré, àmọ́ láti nǹkan bí ọmọ ọdún 15 lọ, ikú ń pa wọ́n ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ohun kan ti sàmì sí wọn lára kí wọ́n tó mọ ojú ayé.

Waterland dé Keneba náà. Ní 2010, òun pẹ̀lú Andrew Prentice àti àwọn mìíràn fi hàn pé àwọn ọmọ tí oyún wọn dúró nígbà òjò ní mẹ́táìlì ju àwọn tí oyún wọn dúró nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ, lórí àwọn ibi kan nínú DNA tó ń hùwà bíi IAP eku. Ní 2014, Paula Dominguez-Salas àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e síwájú sí i: wọ́n wo èròjà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá ní àsìkò tí oyún dúró, wọ́n sì fi wé DNA àwọn ọmọ lẹ́yìn ìbí. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ti sọ bí mẹ́táìlì ọmọ ṣe máa rí. Wọ́n rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, wọ́n rí i nínú gbòǹgbò irun rẹ̀. Nínú gbogbo ìwádìí tí mo kà fún orí yìí, èyí ni mo gbé gẹ̀gẹ̀ jù, torí pé obìnrin Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́ ni wọ́n wò. Kò sí àgò, kò sì sí oúnjẹ tí wọ́n dìídì pò.

Wọ́n ti rí ohun tó jọ ọ́ ní ilẹ̀ Netherlands, lára àwọn tí oyún wọn dúró nígbà ìyàn ọdún 1944 sí 1945. Ó tó ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí Bas Heijmans àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó yẹ̀ wọ́n wò ní 2008, síbẹ̀ mẹ́táìlì orí jíìnì IGF2 wọn ṣì kéré sí ti àwọn ọmọ ìyá wọn tí ìyàn kò bá nínú.

Nílé wa, ogun abẹ́lé ni yóò wá sọ́kàn. Ní 2009, àwọn onímọ̀ láti Sweden àti Nàìjíríà wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ìsanra lára èèyàn 1,339 ní Enugu, tí wọ́n bí láàárín 1965 sí 1973. Martin Hult àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde ní 2010. Àwọn tí ìyàn Biafra bá nínú oyún tàbí lọ́wọ́ ọmú ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìṣòro ṣúgà àti ìsanra ju àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun lọ, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì ju nǹkan bí ẹni ogójì ọdún lọ nígbà yẹn. Wọn ò wo mẹ́táìlì nínú ìwádìí náà, nítorí náà n kò lè sọ pé ọ̀nà kan náà ni ó gbà. Ebi fúnra rẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́, ó lè dín ibi tí ínsúlínì ti ń wá kù. Ohun tí n kò jiyàn lé lórí ni pé ebi inú oyún kì í parí sínú oyún. Ọmọ tí ebi bá nínú, tó wá dàgbà sáàárín ìlú tí búrẹ́dì àti mínírà wà ní gbogbo ìkóríta, nínú ewu ló wà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bínú sí bí a ṣe ń to ètò aboyún. Ọ̀pọ̀ obìnrin ní Ṣómólú àti Bárígà kì í dé ilé ìtọ́jú aboyún títí ikùn á fi hàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ fún wọn ní folic acid. Ojú ọ̀nà tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti ń wá sì ti máa ń pa dé ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún bá dúró. Bí kò bá pa dé dáadáa, wọ́n lè bí ọmọ náà pẹ̀lú àléébù ọ̀pá ẹ̀yìn. Fífọ̀ àti kíkùn ọ̀dà DNA tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí tipẹ́ kó tó dìgbà yẹn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ kedere pé kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lo máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́ láti ìgbà tó bá ti ń wá ọmọ, títí dé ọ̀sẹ̀ 12 oyún. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lórí àtẹ wa ni hóró mílígíráàmù 5, tó ju ìlọ́po méjìlá ìyẹn lọ. Àwọn kan wà tí dókítà máa ń dìídì kọ ọ́ fún, bí ẹni tó ti bí ọmọ tó ní àléébù ọ̀pá ẹ̀yìn rí, tàbí ẹni tó ń lo oògùn wárápá. Ẹni tí kò bá sí nínú wọn, kó béèrè èyí tó kéré lọ́wọ́ apòògùn.

Oúnjẹ náà kò jìnnà. Ẹja wà létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, ẹ̀wà wà, ẹ̀pà wà, ẹyin wà. Ẹ̀fọ́ wà, àmọ́ ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yéé bọ̀ ọ́ pẹ́ jù kí ẹ sì fún omi rẹ̀ dànù, torí pé inú omi yẹn ni púpọ̀ nínú folate ń bá lọ. Ẹ bọ̀ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ dà á sọ́bẹ̀ pẹ̀lú omi rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ìwé yìí lọ fi dá ìyá kankan lẹ́bi. Ìyá eku kọ́ ló yan ohun tí wọ́n bù sínú àgò fún un. Obìnrin tó ń kiri ọjà láti Fádèyí dé Pedro, tó ń fi àgbàdo sísun ṣe oúnjẹ ọ̀sán, kò yan ìyẹn náà. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyakọ, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "a ń retí ọmọ" láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìyàwó ní ẹyin àti ẹja láti ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìjọba ìbílẹ̀, ẹ gbé folic acid lọ sí ibi tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin wà kí wọ́n tó lóyún: ibi ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó, ilé ìjọsìn, ilé ìkọ́ṣẹ́ aránṣọ àti onídìrí. Hóró rẹ̀ kò wọ́n, kò sì sídìí tí obìnrin kan á fi dúró de ìgbà tí ikùn rẹ̀ bá yọ kó tó rí i lò.